Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń pariwo láàárọ̀ ní Bushrod Island: Ariwo wo ló léwu, èwo ni kò ṣe nǹkan kan?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn awakọ̀ ní Clara Town, Logan Town àti New Kru Town ti máa ń sítáàtì ọkọ̀ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kó èrò láti ọjà Duala lọ sí Waterside gbọ́dọ̀ tètè jáde, torí pé tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ lójú UN Drive, owó ọjọ́ náà ti ń dín kù nìyẹn. Àwọn kehkeh náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bá wọn du èrò. Orúkọ yẹn kò ní ṣàjèjì sí etí Yorùbá: kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà ni.

Àsìkò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì máa ń sọ tinú wọn jáde.

Ariwo náà lè dà bí ìgbà tí èèyàn mi owó ẹyọ nínú agolo mílíìkì. Ó lè máa dún kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ bíi maṣíìnì ìránṣọ. Kí ọkọ̀ tó dé oríta, ó ti dákẹ́. Nígbà tí mẹkáníìkì bá fi máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án, ẹ́ńjìnnì ti gbóná, etí rẹ̀ kò sì ní gbọ́ nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni ìnáwó ti ń bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ kan á ní ṣebí ó ti dákẹ́, á máa bá iṣẹ́ lọ títí ẹ́ńjìnnì á fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú pópó. Ẹlòmíì á bọ́ sọ́wọ́ mẹkáníìkì tó máa sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́kì, kó lọ ra òmíràn, nígbà tó jẹ́ pé fíltà ọ́ìlì tí kò dáa ló ń dà á láàmú. Àwọn méjèèjì ló pàdánù owó, ohun kan náà ló sì fà á: kò sẹ́ni tó fara balẹ̀ gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà nígbà tó ṣì tutù.

Erékùṣù tí ọkọ̀ ń gbà wọ Liberia

Bushrod Island wà ní ìhà àríwá Monrovia. Odò Saint Paul wà lókè rẹ̀, odò Mesurado wà nísàlẹ̀, Stockton Creek sì yà á kúrò lára ilẹ̀ tó kù. Wọ́n fi sọrí Bushrod Washington, adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà, ẹni tó jẹ́ ọmọ àbúrò ààrẹ George Washington, tó sì jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ American Colonization Society tó dá ìletò Liberia sílẹ̀.

Erékùṣù yìí ni èbúté Freeport of Monrovia wà, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1948. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti dàgbà díẹ̀ á rántí orúkọ náà, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ECOMOG gúnlẹ̀ sí ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1990.

Lónìí, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ tí wọ́n ti lò nílùú òyìnbó ń gbà wọlé, bó ṣe ń gba Tin Can wọ Èkó, tó sì ń gba Cotonou wọ Benin. Nínú ìròyìn tí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, UNEP, gbé jáde lọ́dún 2020, ó ní mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ti lò ló jáde láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè míì láàárín ọdún 2015 sí 2018. Áfíríkà ló gba èyí tó pọ̀ jùlọ, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì tó ń pariwo ní Logan Town lónìí ti lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹlòmíì, nínú òjò dídì, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ kejì. Ẹni tó rà á kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, kò sì mọ iye ìgbà tí wọn kò pààrọ̀ rẹ̀.

Òtútù wo ló wà ní Monrovia?

Ìbéèrè tó máa wá sọ́kàn nìyí, torí pé kódà láàárọ̀ kùtùkùtù, Monrovia kì í sábà tutù kọjá nǹkan bíi ìwọ̀n 22 lórí Celsius. Kò sí yìnyín níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì, òtútù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gbóná tó nǹkan bíi ìwọ̀n 90. Tí wọ́n bá pa á lálẹ́, tó sùn mọ́jú, ó ti tutù nìyẹn, ì báà jẹ́ ní Duala, ì báà jẹ́ ní Mushin.

Bó ṣe sùn yẹn, ọ́ìlì tó wà lókè á máa ro wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú àwo tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Àwọn irin tó ti fẹ̀ nítorí ooru náà á tún súnkì. Àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe písítìnnì máa ń fẹ̀ ju irin lásán lọ tó bá gbóná, torí náà tó bá tutù, àlàfo tó wà láàárín písítìnnì àti ara sílíńdà máa ń pọ̀ sí i. Ọ́ìlì fúnra rẹ̀ á sì ki. Ọ́ìlì 20W-50 tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fẹ́ràn máa ń ki láàárọ̀ Monrovia ju ìlọ́po mẹ́wàá bó ṣe máa rí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tán.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, pọ́ńpù ọ́ìlì ní láti fa ọ́ìlì tó ki yìí láti ìsàlẹ̀ gòkè. Kó tó débẹ̀, irin ń bá irin ṣeré, ìwọ̀nba ọ́ìlì tó kù lára wọn láti àná nìkan ló ń gbà wọ́n sílẹ̀. Inú ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan yìí ni ọ̀pọ̀ ariwo òwúrọ̀ ti ń wá.

Ariwo tó dà bí owó ẹyọ nínú agolo

Tí ariwo náà bá jẹ́ wọ̀nràn-wọ̀nràn, tó ń wá láti iwájú ẹ́ńjìnnì níbi tí bẹ́líìtì wà, tí kò sì ju ìṣẹ́jú àáyá kan sí mẹ́ta lọ, ẹ má ṣe gbójú fò ó. Òun ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo ariwo òwúrọ̀, torí pé òun ló rọrùn jù láti gbàgbé.

Ó sábà máa ń jẹ́ ṣéènì tí wọ́n ń pè ní timing chain. Òun ló ń jẹ́ kí fáàfù àti písítìnnì máa ṣiṣẹ́ pọ̀ láì kọlu ara wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, agbára ọ́ìlì ló ń ti irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní tensioner, kí ṣéènì má baà dẹ̀. Tí ọ́ìlì bá ti ro kúrò níbẹ̀ lóru, tàbí tí ṣéènì bá ti gbó tó ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ, á máa na ara mọ́ ohun tó bò ó títí ọ́ìlì á fi dé.

Lónìí, ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó lè di mẹ́rin. Tí ṣéènì náà bá wá fò kúrò ní eyín rẹ̀ lọ́jọ́ kan, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, písítìnnì á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì Belgium nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ariwo iwájú ẹ́ńjìnnì ló jẹ́ ti ṣéènì o. Honda Accord ọdún 2008 sí 2012 tó ní sílíńdà mẹ́rin, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà sọ ní Evil Spirit, máa ń dún gìrìrì fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì tó bá sùn mọ́jú. Jíà tó wà lórí camshaft, èyí tí Honda ń pè ní VTC, ló ń fà á nínú ọ̀pọ̀ wọn, torí pé pín-ìnnì tó yẹ kó dì í mú kì í dì í mú dáadáa mọ́. Honda fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ nípa rẹ̀. Toyota náà kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípa ẹ́ńjìnnì 2AR-FE àti 1AR-FE, tó wà nínú àwọn kan lára Camry, RAV4 àti Venza.

Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń wá àtijẹ, torí pé jíà kan àti odidi ẹ́ńjìnnì kì í ṣe owó kan náà. Mẹkáníìkì tó bá sọ pé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ láì mọ orúkọ ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ dúró ná.

Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ láti òkè

Ariwo tápẹ́ẹ̀tì fúyẹ́, ó yára, òkè ẹ́ńjìnnì ló sì ti ń wá. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń kún tápẹ́ẹ̀tì wọn, ó lè dún fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, nígbà míì ó lè tó ìṣẹ́jú kan, kó tó dákẹ́. Tí kò bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í pa ọkọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí màá ní kí èèyàn wò ni géèjì ọ́ìlì. Ẹ fà á yọ láàárọ̀ kí ẹ tó sítáàtì, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ máa ń jẹ ọ́ìlì, ọ̀pọ̀ ariwo ni kò sì ju pé ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀.

Ìkejì ni fíltà. Nínú fíltà tó dáa, rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà nígbà tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì. Nínú ayédèrú, rọ́bà yẹn lè má sí rárá, tàbí kó le gan-an tí kò ní lè dí ihò. Ọkọ̀ tí fíltà rẹ̀ dùbúlẹ̀ tàbí tó dorí kodò ni èyí máa ń bá jà jù. Pípààrọ̀ fíltà sí ojúlówó pẹ̀lú ọ́ìlì tuntun ni ìdánwò tó dínwó jùlọ tí èèyàn lè ṣe, ó sì yà mí lẹ́nu pé òun ni wọ́n máa ń gbàgbé jù.

Àmọ́ ẹ mọ irú ẹ́ńjìnnì tí ẹ ní. Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4, kò ní tápẹ́ẹ̀tì tí ọ́ìlì ń kún. Irin lásán ni tiẹ̀, wọ́n máa ń wọn àlàfo rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń da ọ́ìlì tó ki sínú rẹ̀ nítorí àti pa tápẹ́ẹ̀tì lẹ́nu mọ́ kàn ń fi owó ṣòfò.

Ohun kan tún wà tó máa ń ṣe bíi tápẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe òun. Tí gáskẹ́ẹ̀tì mánífóòlù, níbi tí èéfín ti ń jáde kúrò lára ẹ́ńjìnnì, bá jò, á máa dún tí-tí-tí nígbà tó bá tutù. Tí irin bá gbóná, á fẹ̀, á dí ihò náà, ariwo á sì lọ. Ẹ wá èérí dúdú ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ẹ má ṣe fi í ṣeré tí òórùn èéfín bá ń wọ inú ọkọ̀, torí èéfín yẹn ní carbon monoxide nínú, ó sì lè pa èèyàn.

Kù, kù, kù: ariwo tó jinlẹ̀

Ariwo tó jinlẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba èèyàn jù, oríṣi méjì tó jọra ló sì wà níbẹ̀. Àṣìṣe láàárín àwọn méjèèjì lè ná èèyàn ní ọkọ̀.

Èkíní ni ti písítìnnì tó ń gbá ara sílíńdà nítorí àlàfo tó pọ̀ sí i. Ó máa ń dún bí ẹni ń fi ìka kan àpótí tó ṣófo. Ó máa ń hàn dáadáa tí ẹ bá ń lọ tí ẹ sì tẹ tọ́tù díẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ṣe ń gbóná ló ń dín kù, títí á fi dákẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọkọ̀ lè gbé e fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ní kí ẹ tú ẹ́ńjìnnì nítorí èyí nìkan, nígbà tí ọkọ̀ kò jẹ ọ́ìlì tí kò sì yọ èéfín, ń wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀.

Èkejì ni nọ́kì gan-an. Bíárìnnì tó wà láàárín kránkì àti ọ̀pá tó gbé písítìnnì ló ti jẹ. Ó dà bí ẹni ń gún iyán nínú yàrá kejì, ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló sì ti ń wá. Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń gbóná tí ọ́ìlì ń ṣàn, ti písítìnnì ń lọ sílẹ̀, ti bíárìnnì kì í lọ. Ó tiẹ̀ lè pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n níbẹ̀rẹ̀ àìsàn, bíárìnnì tó ń jẹ lè gbá ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré láàárọ̀, kó sì dákẹ́ tí ọ́ìlì bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àsìkò yìí ló ṣì ṣeé tún ṣe láì náwó tó pọ̀ jù. Àwọn àgbà ní igi gànùngànùn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ wo iná ọ́ìlì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó yẹ kó kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti tàn. Tí iná náà kò bá kú, tàbí tó tún ń tàn nígbà tí ẹ dúró sí inú súnkẹrẹ, tí nọ́kì sì ń bá a rìn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, kí ẹ wá ẹni tó máa fà á. Ìrìn àjò láti Clara Town dé ilé mẹkáníìkì ní Duala tó láti sọ bíárìnnì tí èèyàn ì bá pààrọ̀ di kránkì tó ti bàjẹ́.

Àwọn tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń tò sí ẹnu Freeport má ṣe jẹ́ kí gbogbo èyí kó ìpayà bá wọn. Ẹ́ńjìnnì díísù máa ń kígbe ju ti pẹtiróòlù lọ láàárọ̀, torí pé díísù kì í tètè gbiná nínú sílíńdà tó tutù. Ara ìwà rẹ̀ ni.

Ìgbà òjò

Òjò tó ń rọ̀ ní Monrovia lọ́dún ju 4,000 mílímítà lọ, ó ju ìlọ́po méjì ti Èkó lọ, láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń rọ̀. Nítorí náà, ariwo fíín tí ẹ̀ ń gbọ́ láàárọ̀ lẹ́yìn òjò alẹ́ lè jẹ́ ti bẹ́líìtì tó tutù, tó ń yọ̀ lórí púlì nígbà tí alternator ń tiraka láti dá iná padà sínú bátìrì.

Ẹ da omi díẹ̀ sára bẹ́líìtì nígbà tó bá ń ké. Tó bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bẹ́líìtì tàbí bí wọ́n ṣe tò ó ni. Tó bá túbọ̀ ké sí i, ó ti dẹ̀. Ẹ má ṣe kó ọwọ́ tàbí aṣọ sún mọ́ ọn.

Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sùn sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì

Kò sí ọgbọ́n míì tó dà bí èyí. Tí ariwo bá jẹ́ ti òwúrọ̀, ẹ gbé ọkọ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì bá mẹkáníìkì ṣàdéhùn pé kò sẹ́ni tó máa sítáàtì rẹ̀ títí ẹ̀yin méjèèjì á fi dúró síwájú rẹ̀. Awakọ̀ tó ń wá owó ojoojúmọ́ lè rò pé òun ò ráyè. Ìdajì ọjọ́ iṣẹ́ ló máa ná an.

Tí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ lo fóònù. Ẹ gbé e sí iwájú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ká fídíò kí ẹlòmíì tó yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ má sì dá a dúró títí ìṣẹ́jú méjì á fi pé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ká dáṣíbọ́ọ̀dù, kí iná ọ́ìlì lè hàn. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é.

Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá láti mọ ibi tí ariwo ti ń wá. Á fi ẹnu ìrin sukurudíráfà gígùn kan ara ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí rẹ̀ sí etí, á sì máa sún un láti ibì kan sí ibòmíì. Ó tún lè yọ wáyà plọ́ọ̀gì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: tí nọ́kì bá rọlẹ̀ nígbà tó yọ ti sílíńdà kẹta, ó ti mọ ilé tí aláìsàn ń gbé. Òun ni kí ẹ jẹ́ kó ṣe èyí, torí iná plọ́ọ̀gì lè gbé èèyàn.

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀

Ẹ lè jàǹfààní nínú gbogbo èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan. Ọgbọ́n àtijọ́ ni kí ẹni tó ń ta ọkọ̀ ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé, àwọn míì sì ń da ọ́ìlì tó ki bí oyin sínú rẹ̀ kó lè dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan.

Kí ẹ tó wo kúṣìn, kí ẹ tó tan rédíò, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i, kí ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ, kí ẹ wo bí ọ́ìlì ṣe ń ro lórí rẹ̀. Tí ara ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé ẹ máa padà wá ní aago méje àárọ̀ ọ̀la, kó má ṣe sítáàtì rẹ̀ kí ẹ tó dé. Tó bá kọ̀, ọkọ̀ míì ṣì ń bọ̀ lójú omi.